Etí Ni A Ń Kọ́ Ṣáájú Ahọ́n

Bí arúgbó kan ní ilẹ̀ Japan bá dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, tí ó sì wí fún olùtọ́jú rẹ̀ pé "kite kudasai", ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olùtọ́jú náà wá sí ọ̀dọ̀ òun. Bí ó bá wí pé "kitte kudasai", ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun gé nǹkan, ìbáà ṣe èékánná, ìbáà ṣe ẹja inú àwo. Bí ó bá sì wí pé "kiite kudasai", ó ń fẹ́ kí ó tẹ́tí sí òun. Ní etí ẹni tí a bí sí ilẹ̀ Japan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Ní etí àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a pè lẹ́ẹ̀mẹta. Àjèjì náà lè mọ ìwé èdè náà kà dáradára, ó sì lè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí. Síbẹ̀, bí arúgbó náà bá ti lanu, ojú rẹ̀ ni yóò máa wò láti fi mọ ohun tí ó ń fẹ́.

Ohun tí ó fa ìṣòro yìí, àti bí àwọn olùwádìí ṣe rí ọ̀nà láti kọ́ etí àgbàlagbà kí ó lè gbọ́ ohun tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀, yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè kan tàbí tí ó ń fi èdè kọ́ ẹlòmíràn. Ó pẹ́ tí a ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí pé kò fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé etí rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì fún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Àjọ Japan Foundation, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 láti máa tan èdè àti àṣà Japan ká ayé, ṣe ìwádìí kan ní ọdún 2021, ó sì rí i pé àwọn tí ń kọ́ èdè náà ní ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ju 3,700,000 lọ, ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè 141. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ́ ọ fún ìgbádùn. Ilẹ̀ Japan ti di ilẹ̀ àwọn àgbà: nínú ènìyàn mẹ́rin, ẹnì kan ó kéré tán ti tó ọmọ ọdún 65. Nítorí náà ni ìjọba ilẹ̀ náà ṣe bá àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa rán àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùtọ́jú arúgbó wá. Àwọn ará Indonesia ni ó kọ́kọ́ dé ní ọdún 2008, àwọn ará Philippines tẹ̀ lé wọn ní 2009, àwọn ará Vietnam sì dé ní 2014. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ìjọba tún ṣí ọ̀nà ìwé àṣẹ iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó sì wà lára iṣẹ́ tí a lè bá a wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ní èdè Japan. Ènìyàn lè fi ojú jẹ ìdánwò inú ìwé; ṣùgbọ́n arúgbó tí ara ń ro kì í kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó dá a lóhùn.

Kí ni ohun tí ó ṣòro láti gbọ́ nínú èdè náà? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí.

Èkínní ni gígùn ìró. Èdè Japan a máa fi gígùn fáwẹ̀lì ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. "Obasan" ni obìnrin tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá tàbí bàbá ẹni, a sì tún máa fi pe obìnrin tí ó ti dàgbà díẹ̀. Bí a bá fa "a" àkọ́kọ́ gùn, tí ó di "obaasan", ó ti di ìyá àgbà tàbí arúgbó obìnrin. Àjèjì tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ yìí lè sọ obìnrin ọlọ́jọ́ orí 40 di arúgbó lójú gbangba, láìmọ̀ pé òun ti ṣẹ̀. "Biru" ni ilé alájà púpọ̀. "Biiru" ni ọtí bíà. "Byooin" ni ilé ìwòsàn. "Biyooin" ni ilé ìṣerunlóge. Ẹni tí àìsàn dé sí lójú ọ̀nà, tí ó sì ń béèrè ibi tí yóò gbà, mọ bí ìyàtọ̀ kékeré yìí ti tóbi tó.

Àwọn tí ó ni èdè náà a máa ka ọ̀rọ̀ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, bí ẹni tí ń jó sí ìlù, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà. Orúkọ olú ìlú wọn, Tokyo, jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rin lẹ́nu wọn: to-o-kyo-o. Fáwẹ̀lì tí ó gùn gba ìṣísẹ̀ méjì. Bí a bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, gígùn rẹ̀ a máa tó ìlọ́po méjì ti kúkúrú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Fáwẹ̀lì gígùn lẹ́nu ẹni tí ń yára sọ̀rọ̀ lè kúrú bí fáwẹ̀lì kúkúrú lẹ́nu ẹni tí ń fara balẹ̀. Kì í ṣe gígùn kan pàtó ni etí ń wá, bí kò ṣe gígùn ìró yìí ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn ìró tí ó yí i ká.

Èkejì ni kọ́ńsónáǹtì tí a ń dá dúró. Nínú "kitte", ẹnu a pa dé lórí "t", a sì dákẹ́ fún odindi ìṣísẹ̀ kan kí ohùn tó tún jáde. Dídákẹ́ náà pàápàá jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀. "Saka" ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. "Sakka" ni òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Hausa ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà yóò tètè mọ ohun tí à ń wí, nítorí ó mọ̀ pé "baba" tí í ṣe bàbá kì í ṣe "babba" tí í ṣe ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí èdè abínibí rẹ̀ kò bá ní irú rẹ̀ kì í ka ìdákẹ́jẹ́ sí nǹkan kan. Ó gbà pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kàn mí ni.

Ẹ̀kẹta ni gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn. Ní Tokyo, bí a bá pe "hashi" tí ohùn ga lórí ìdajì kìíní, tí ó sì wálẹ̀ lórí èkejì, ọ̀pá kékeré méjì tí wọ́n fi ń jẹun ni. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, tí ó sì gòkè, ó lè jẹ́ afárá, ó sì lè jẹ́ ìpẹ̀kun nǹkan. Báwo ni a ó ṣe mọ èwo ni? Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó tẹ̀ lé e ni yóò sọ ọ́. Lẹ́yìn afárá, ohùn a wálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kékeré náà. Lẹ́yìn ìpẹ̀kun, ohùn a dúró lókè. Bákan náà ni "ame": òjò ni bí ohùn bá ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, súìtì sì ni bí ó bá ti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka èyí lè rẹ́rìn-ín, kí ó wí pé èyí kò lè ṣòro fún ẹni tí ó ti ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ láti kékeré. Òtítọ́ ni pé etí rẹ̀ kì í ṣe adití sí ohùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ohùn nínú èdè méjèèjì kò rí bákan náà. Ní èdè Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀, ìbáà ṣe òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀. Ní èdè Japan ti Tokyo, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ṣe pàtàkì jù nípa ọ̀rọ̀: níbo ni ohùn ti já wálẹ̀, àbí kò já rárá? Ẹni tí ó gbọ́n létí ní ilé rẹ̀ ṣì ní láti kọ́ ohun tí yóò máa fetí sí ní ilé onílé.

Ìkọ̀wé wọn ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀nà méjì àkọ́kọ́, nítorí àmì wà fún fáwẹ̀lì gígùn àti fún kọ́ńsónáǹtì tí a dá dúró. Ìrànlọ́wọ́ yìí náà ni ó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Ojú rẹ̀ ti rí àmì náà, ó sì gbà pé òun mọ ọ̀rọ̀ náà, títí di ọjọ́ tí a pe ọ̀rọ̀ fún un láti kọ sílẹ̀. Ní ti ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, ìwé lásán kì í fi hàn rárá, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn Yorùbá tí a tẹ̀ láìsí àmì ohùn.

Wàyí o, èé ṣe tí etí kò fi gbọ́? Kì í ṣe pé etí àjèjì di. Ní ọdún 1984, Janet Werker àti Richard Tees, tí wọ́n ṣe ìwádìí wọn ní ilẹ̀ Kánádà, fi hàn pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí a ń bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, a máa gbọ́ ìyàtọ̀ àwọn ìró kan nínú èdè Hindi tí àwọn òbí wọn kò lè gbọ́. Nígbà tí ọmọ bá fi máa tó oṣù mẹ́wàá sí méjìlá, agbára náà ti dínkù. Ọmọ náà kò sọ ọgbọ́n nù. Ó ti jókòó ti èdè ilé rẹ̀ ni. Ìró tí ó ń yí ìtumọ̀ padà nílé, ó ń mú un dání. Èyí tí kò yí nǹkan kan padà, ó ń jẹ́ kí ó kọjá lọ. Irú ìfẹ̀sọ̀ṣa bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó lè gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ kíákíá. Òun náà ni ó sì ń dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà èdè mìíràn ní ọjọ́ iwájú. Kò sí èdè kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ni kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ ojú omi àti àgùntàn nígbà tí a bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ.

Ohun tí ó wúni lórí nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn àjèjì ní ìró èdè Japan lónìí, lára àwọn ará Japan fúnra wọn ni a ti kọ́kọ́ dán an wò. Èdè Japan kò ya "r" àti "l" sọ́tọ̀. Ọmọ Yorùbá mọ̀ láìronú pé "rà" kì í ṣe "là", ṣùgbọ́n ní etí ọ̀pọ̀ ará Japan, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 1971, olùwádìí kan tí ń jẹ́ Hiromu Goto gbé àbọ̀ kan jáde tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ó rí àwọn ará Japan tí wọ́n lè pe ìró méjèèjì lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tí ó tọ́, tí wọn kò sì lè gbọ́ ìyàtọ̀ wọn, àní nígbà tí a gba ohùn àwọn fúnra wọn sílẹ̀ fún wọn láti gbọ́. Ahọ́n ti kọ́ iṣẹ́, etí kò sì kọ́ ọ.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti ṣe àtúnṣe kò mú èso púpọ̀ wá. Ní ọdún 1984, Winifred Strange àti Sibylla Dittmann lo ìró tí ẹ̀rọ dá, wọ́n sì ń gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ léraléra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ ìró ẹ̀rọ náà dájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu ènìyàn wá, ẹ̀kọ́ náà kò bá wọn dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1991 ni John Logan, Scott Lively àti David Pisoni, ní Yunifásítì Indiana ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yí ọgbọ́n náà padà. Wọ́n mú àwọn ará Japan mẹ́fà, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ogójì ìṣẹ́jú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ohùn ènìyàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò, ìró náà sì wà ní oríṣiríṣi ipò nínú ọ̀rọ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín, àti ní ìparí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, yóò sì yan ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra bí ìbejì. Lójú ẹsẹ̀ ni a ó sọ fún un bóyá ó gbà á tàbí ó ṣì í. Bí ó bá ṣì í, a ó tún gbé ìró náà fún un gbọ́ kí ó tó lọ síwájú. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gba nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gba nǹkan bí 86.

Ìlọsíwájú yìí lè dà bí ohun kékeré. Ohun tí ó jẹ́ kí ó tóbi ni pé ẹ̀kọ́ náà bá wọn dé inú ọ̀rọ̀ tí a kò fi kọ́ wọn. Ní ọdún 1993, àwọn olùwádìí wọ̀nyí kan náà dán ọ̀nà kejì wò: wọ́n fi ohùn ẹnì kan ṣoṣo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Àwọn yìí mọ ohùn olùkọ́ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àjèjì ohùn dé, ìmọ̀ wọn kò bá wọn lọ. Ẹ̀kọ́ inú èyí hàn gbangba. Ẹni tí ó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo ń kọ́ ènìyàn kan ni. Ẹni tí ó gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kọ́ èdè.

Lẹ́yìn náà ni a gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ilẹ̀ Japan gan-an, láàárín àwọn tí kò gbé ilẹ̀ òkèèrè rí. Àbọ̀ ọdún 1994 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ohun tí wọ́n kọ́ kò tíì sá lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì dára ju bí wọ́n ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1997, Ann Bradlow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun mìíràn jáde. Wọ́n fi ìgbà 45 kọ́ àwọn ará Japan ní gbígbọ́ nìkan. Gbígbọ́ wọn sì gòkè láti nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún dé 81. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní bí a ṣe ń fi ahọ́n pe ìró náà. Síbẹ̀, nígbà tí a gba ohùn wọn sílẹ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ ọ wí pé ọ̀rọ̀ wọn ti já gaara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Etí tí a kọ́ ti fa ahọ́n lọ́wọ́.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti padà sí èdè Japan. Yukari Hirata, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Colgate ní ìpínlẹ̀ New York, fi í kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò mọ èdè náà láti gbọ́ ìyàtọ̀ fáwẹ̀lì gígùn àti kúkúrú, àti kọ́ńsónáǹtì tí a dá dúró. Ní ọdún 2004, ó fi àwọn tí ó kọ́ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan wé àwọn tí ó kọ́ ọ nínú gbólóhùn. Gbogbo wọn ni ó jèrè, ṣùgbọ́n gbólóhùn ni ó mú kí ìmọ̀ náà dọ́gba jù ní ibi gbogbo, nítorí nínú gbólóhùn ni etí ti ń rí àwọn ìró mìíràn tí yóò fi wọn gígùn èyí tí ó ń wá. Ní ọdún 2007, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lo gbólóhùn tí a fara balẹ̀ sọ àti èyí tí a yára sọ, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ kìkì ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fà gùùrùgù nínú yàrá ẹ̀kọ́ yóò sọnù ní kété tí ó bá jáde sí ojú pópó.

Ìwádìí rẹ̀ tún kan àṣà àwọn olùkọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè Japan ni ó máa ń fi ọwọ́ júwe ìṣísẹ̀ ọ̀rọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ èyí tí ó gùn. Ní ọdún 2010, Hirata àti Spencer Kelly dán an wò: wọ́n jẹ́ kí àwọn kan gbọ́ ohùn nìkan, kí àwọn kan rí ètè ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí àwọn mìíràn sì rí ìjúwe ọwọ́. Rírí ètè ṣe ìrànlọ́wọ́ fún etí. Ìjúwe ọwọ́ kò fi ohun kan kún un. Èyí kò wí pé kí olùkọ́ di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí ó wí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó mú yàrá ẹ̀kọ́ lárinrin ni ó ń wọ inú etí.

Ní ti ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, ìrètí wà pẹ̀lú. Ní ọdún 1999, Yue Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà yìí kan náà kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní ohùn mẹ́rin èdè Ṣáínà. Ẹ̀kọ́ ìgbà mẹ́jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì mú wọn gòkè ní nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ṣì wà lára wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nílé rẹ̀ lè kọ́ láti gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ èdè Japan kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí ó ti yẹ kí a tẹnu mọ́ ìhà yìí tó. Àwọn kan wí pé ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò sọ bóyá afárá ni tàbí ọ̀pá ìjẹun. Kò sí ẹni tí yóò fi afárá jẹ ìrẹsì. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé ilẹ̀ Japan fúnra rẹ̀ kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ní Kyoto àti Osaka, afárá ni ó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ọ̀pá ìjẹun sì ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gẹ́gẹ́ bí ìdàkejì ti Tokyo. Ní apá kan Fukushima àti Ibaraki, ohùn kì í ya irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ rárá. Àwọn olùkọ́ yòókù dáhùn pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá wọ́ ń dá àárẹ̀ sí olùgbọ́ lára, àní bí a tilẹ̀ mọ ohun tí ó ń wí. Ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ náà, NHK, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: láti ọdún 1943 ni ó ti tẹ ìwé atúmọ̀ ohùn ọ̀rọ̀ jáde fún pípe ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, ó sì tún tẹ ọ̀tun jáde ní ọdún 2016. Ní Yunifásítì Tokyo pẹ̀lú, a ti ṣe irú ìwé atúmọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò yẹ kí a sọ ẹ̀kọ́ yìí di oògùn tí ń wo gbogbo àrùn. Kò sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọmọ bíbí ilẹ̀ náà. Àwọn kan a máa jèrè púpọ̀, àwọn kan díẹ̀. Ìró tí ènìyàn ń gbọ́ dájú nínú yàrá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ lè sọnù nínú ariwo ilé ìdáná tàbí lẹ́nu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká. Iṣẹ́ náà a sì máa súni, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń gbọ́ lọ́jọ́ gbogbo. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Síbẹ̀, ohun tí olùkọ́ nílò láti bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Kí ó wá ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọ́n ni èdè náà, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọdé, kí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra, ní ẹyọ àti nínú gbólóhùn, ní pẹ̀lẹ́ àti ní kíákíá. Kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, kí ó yan, kí a sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Kí ìgbà ẹ̀kọ́ má gùn jù, kí ó sì máa wáyé lemọ́lemọ́. Fóònù alágbèéká tí ó wà lápò àwọn ènìyàn lónìí tó fún iṣẹ́ náà. Kí olùkọ́ sì fi gbígbọ́ ṣáájú pípè. Ahọ́n kò lè tún ohun tí etí kò mú dání ṣe.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìbáwí dínkù. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó fi ilé bàbá rẹ̀ ní Vietnam tàbí Indonesia sílẹ̀ láti lọ tọ́jú ìyá onílé ní Japan kò ṣe aláìgbọràn nígbà tí ó gbé ọ̀bẹ wá dípò kí ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ ti kọ́ láti gbọ́ láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Àwọn ìwádìí ogójì ọdún yìí ti fi hàn pé ilẹ̀kùn tí ó tì ní ìgbà ọmọdé kò fi ìdè irin tì. Bí a bá fún etí ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn àti pẹ̀lú sùúrù, ọjọ́ ń bọ̀ tí arúgbó náà yóò wí pé "kiite kudasai", tí olùtọ́jú rẹ̀ yóò sì fa àga sún mọ́ ibùsùn, tí yóò jókòó, tí yóò sì gbọ́ ọ.